Ẹni Tí Ẹ̀rọ Náà Ń Pè

Ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Ènìyàn igba ó lé mẹ́rìnlá ló ń gbé ní Wanjirrpa, abúlé kan láàárín aṣálẹ̀, nígbà tí oòrùn yọ. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti dín kan.

Ẹni tó dín náà ni ẹ̀gbọ́n Noreen Nangala lọ́kùnrin. Ọkọ̀ rẹ̀ gbókìtì lójú ọ̀nà oníyanrìn, níbi tí ọ̀nà ti yà sí kànga àtijọ́, òun nìkan ló sì wà nínú rẹ̀. A kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Kì í ṣe pé a gbàgbé rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti rì kúrò lẹ́nu gbogbo ará Wanjirrpa, bí omi òjò ṣe ń rì sínú yanrìn: o mọ̀ pé ó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n o kò ní rí i lókè. Bàbá kan wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Kumanjayi ni wọ́n ń pè é, ìyẹn orúkọ tí wọ́n máa ń fún ẹni tí òkú bá mú orúkọ rẹ̀ lọ. Ó ń jẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un, kò sì béèrè.

Wọ́n fi ewé gbá ilé olóògbé. Ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí apá kejì abúlé, ìlẹ̀kùn ilé náà sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Noreen náà lọ gbá ibi tirẹ̀. Ibi tirẹ̀ ni Yàrá Àwòrán.

Yàrá kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ́jú aláìsàn, tí wíńdò lúfà rẹ̀ kọjú sí igi ńlá kan. Tẹlifíṣọ̀n gbàràmù wà lára ògiri, kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì nísàlẹ̀ rẹ̀, búláńkẹ́ẹ̀tì sì wà nílẹ̀ fún àwọn àgbà àti àwọn ajá wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn láti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan dé òmíràn, láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, ó ń gba àwòrán àti fíìmù tí àwọn àlejò yà lára àwọn ará Wanjirrpa láyé àwọn bàbá wọn, tí wọ́n sì kó lọ láìtọrọ. Ó kó wọn padà wálé nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Àwọn àgbà kì í tẹ lẹ́tà. Nítorí náà ló ṣe ṣètò ẹ̀rọ náà pé bí wọ́n bá ti tàn án, kó má bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Kó fi orúkọ òun fúnra òun wọlé, kó ṣí àpótí àwòrán, kó sì dúró. Arúgbó á tẹ bọ́tìnì kan, á jókòó sórí búláńkẹ́ẹ̀tì, ìyá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́tipẹ́ á yọ sí i láti inú koríko gíga, á máa rìn bọ̀ láìyára, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti kú.

Noreen ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Wọ́n ti rán an lọ sí ilé-ìwé ní ìlú Alice nígbà èwe rẹ̀, ó kàwé níbẹ̀ dé ibi tí wọ́n gbà á láyè dé, ó sì padà sílé. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, á ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun ní Alice kì í bá òun sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ní Wanjirrpa, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ẹni tí a lè rí àti ẹni tí a kò tíì lè rí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, òun ló ń fi aṣọ dúdú bo àwòrán rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Bí ọdún bá gorí ọdún, tí àwọn àgbà bá ní ó tó, òun ló ń ṣí i. Ó máa ń ṣe é bí ẹni tó ń ṣí ìbòrí lójú ọmọ tó ń sùn. Àwọn mìíràn lójú oorun ni wọ́n ti ń rí òkú wọn. Ní ti Noreen, òkú ni iṣẹ́ tó ń jí lọ ṣe láràárọ̀.

Ó kun ọ̀dà bo orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára ìlẹ̀kùn. Ó fi yanrìn ha á kúrò lára ife tíì rẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ ife náà nù. Ó wá ku ẹ̀rọ. Láràárọ̀, kí ó tó wọlé, kọ̀ǹpútà náà máa ń kí orúkọ náà káàbọ̀ lójú gíláàsì, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí ojú fi ń ṣẹ́. Noreen fi pílásítà láti ilé ìtọ́jú bo igun ibẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú orúkọ kékeré tirẹ̀, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fún ní agbára láti yí nǹkan padà nínú ẹ̀rọ, ó sì yí orúkọ olóògbé padà sí Kumanjayi. Kì í ṣe orúkọ ojú nìkan. Ó yí orúkọ inú náà, èyí tí ẹ̀rọ fi mọ onílé. Ó ṣe é dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó pa ẹ̀rọ, ó ti yàrá, ó sì jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ọ̀fọ̀ gùn. Nígbà tí wọ́n ní kó ṣí yàrá padà, ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ náà ní òun rí iṣẹ́ gbà láti Alice, kí wọ́n mú sùúrù. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀rọ àwọn abúlé ti fi dráífà tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo wọn láàárín àkókò ọ̀fọ̀. Dráífà ni ètò kékeré tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti káàdì tó ń ya àwòrán sójú gíláàsì. Bí ògbufọ̀ bá yadi, kọ̀ǹpútà á máa ronú lọ nínú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á fọ́. Ẹ̀rọ náà gbé dráífà tuntun mì, ó kú, ó jí, tẹlifíṣọ̀n sì dúdú bí ojú kànga tí kò lómi.

Báyìí ni gbogbo ènìyàn ṣe mọ̀ pé dráífà ni. Ohun tí gbogbo ènìyàn bá sì ti mọ̀, kò sẹ́ni tó tún ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọjọ́ míràn, ìyẹn ì bá jẹ́ ìyọlẹ́nu lásán. Ṣùgbọ́n Tilda Napangardi ń bọ̀ wá lọ.

Tilda ni ẹ̀gbọ́n ìyá Noreen. Ní Wanjirrpa, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni ìyá ẹni ni. Màámi ni Noreen ń pè é, ọmọ rẹ̀ sì ni olóògbé. Kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, bọ́ọ̀sì máa gbé e lọ sí Alice, níbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì so mọ́ ẹ̀rọ yẹn kì í padà wá gbé ilé mọ́. Ìtọ̀ ṣúgà tún ti ń jẹ ojú rẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé ojú òsì ti lọ, pé ọ̀tún kò ní pẹ́ tẹ̀lé e. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè. Kí olóògbé tó kú, ó ti rí fíìmù kékeré kan gbà: ìyá Tilda níbi kànga àtijọ́, ó ń lọ èso koríko lórí òkúta, ó ń fi ẹni tó ń yà á rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ti gbà pé kí wọ́n ṣí i. Tilda kò tíì wò ó. Ọmọ kékeré ló jẹ́ nígbà tí ìyá náà kú.

"Ohùn rẹ̀ wà létí mi," ló sọ fún Noreen. "Ojú rẹ̀ ni mi ò rántí mọ́. Mo máa ń lá a, á kọ ẹ̀yìn sí mi, á máa lọ nǹkan. Mo fẹ́ kó yíjú."

Nítorí náà Tilda kó wá sí Yàrá Àwòrán. Ó tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n tó dúdú, ó gbé kẹ́tùlù tirẹ̀ wá, ó sì ń dúró. Láàárọ̀, bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú lúfà wọlé, á fara balẹ̀ sí ojú gíláàsì dúdú náà ní ìlà pupa pupa, Tilda á sì máa wò ó bí ẹni tó ń wo fíìmù. Nígbà míì Noreen á bá a tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Kì í bi í pé kí ló rí.

Callum Pruett ni onímọ̀ ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì yàn fún wọn. Láti Alice ló ti ń bá Noreen sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyẹn kò yí ohunkóhun padà.

Ó kọ́kọ́ sọ bọ́tìnì tó máa tẹ̀ fún un, ó sì tọ́ ọ sọ́nà títí wọ́n fi yọ dráífà tuntun náà, tí wọ́n dá ti àtijọ́ padà. Ojú ẹ̀rọ là. Tilda pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí, ọ̀rọ̀ àṣírí náà sì ti bá ẹni tó ni ín lọ. Noreen lè fi orúkọ tirẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àpótí wà.

Callum ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ní àìsàn yìí lókìkí: dráífà máa ń lọ́ra láti jí, ẹ̀rọ á sì sáré lọ wọlé kí ojú rẹ̀ tó là, á forí gbá ìlẹ̀kùn, á padà sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n sọ fún ẹ̀rọ náà pé kó dúró díẹ̀ kó tó wọlé. Noreen tẹ gbolóhùn tó pè fún un. Ẹ̀rọ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà. Callum ní kí wọ́n jẹ́ kó dúró pẹ́ sí i. Ó pẹ́ sí i. Ẹnu ọ̀nà náà ni.

Nígbà náà ni Callum sọ pé kí òun kàn rí i dájú pé orúkọ tí ẹ̀rọ ń fi wọlé ṣì ni èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ní ọ́fíìsì. Ó sì pe orúkọ náà.

Noreen pa fóònù.

Callum tún pè é padà. Ó rò pé Noreen kò gbọ́, ó wá fa orúkọ náà ní ẹyọ ẹyọ, ó pariwo rẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń bá adití sọ̀rọ̀. Noreen tún pa á, ó sì jáde lọ dúró lábẹ́ igi. Callum sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ìlà fóònù Wanjirrpa kò dára.

Ní ọjọ́ kejì Noreen gbìyànjú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ yẹn lórí fóònù."

Callum yìn ín. Ó ní òótọ́ ni, pé àwọn gbájúẹ̀ ti pọ̀, pé ó yẹ kí gbogbo abúlé máa ṣọ́ra fún orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí wọn bí tirẹ̀. Ó ní ara òun dùn. Noreen wo fóònù náà ní ọwọ́ rẹ̀. Ó lè ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n àti ṣàlàyé ikú kan fún ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn, ẹnu kò gbà á láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní ó dáa.

Kò wá sí i lọ́kàn pé ohun tí òun ṣe nínú ẹ̀rọ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Lójú rẹ̀, bíbo orúkọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí ewé tí wọ́n fi gbá ilé kì í ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó. Ọ̀fọ̀ ni. Ta ló ń ròyìn ọ̀fọ̀ fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ? Callum ní tirẹ̀ béèrè ìrísí dráífà, ọjọ́ orí káàdì, irú okùn tó so tẹlifíṣọ̀n. Ó béèrè gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ. Kò béèrè ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ni ín.

Ní ìparí ó ní káàdì ni. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí Alice. Á pẹ́ díẹ̀. Noreen ní rárá, ó sì sọ ohun tó fà á: ìyá òun ń lọ ní Ọjọ́bọ̀, ojú rẹ̀ sì ń lọ. Èyí yé Callum. Ó ní òun á gbé káàdì tuntun wá fúnra òun ní Ọjọ́rú.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú náà, kí ó tó dé, Des wá sí ẹ̀yìn wíńdò. Des Jungarrayi ni ọkọ Noreen, òun ló ń wa bọ́ọ̀sì àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n àna rẹ̀ ni Tilda. Lófin Wanjirrpa, kò gbọdọ̀ wo ojú rẹ̀, kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, kò sì gbọdọ̀ bá a wọ ọkọ̀ kan náà, nítorí náà wọ́n ti wá awakọ̀ míì fún Ọjọ́bọ̀. Des kọ ẹ̀yìn sí lúfà, ó sì dojú ọ̀rọ̀ kọ ajá kan tó sùn sí òjìji igi.

"Ajá," ló wí, "bá mi sọ fún wọn nínú ilé pé bọ́ọ̀sì á gbéra ní kùtùkùtù. Kí wọ́n má kó ẹrù jọ o. Ẹni tó máa wà á lọ́la, ẹ̀yìn ń dùn ún."

Tilda kò gbójú sókè. Kẹ́tùlù ló bá sọ̀rọ̀. "Kẹ́tùlù, sọ fún ajá yẹn pé búláńkẹ́ẹ̀tì kan péré ni mò ń gbé. Ikùn ẹnìkan wà níta yẹn tó wúwo jù ú lọ."

"Ajá, ṣé o gbọ́? Wọ́n ní o sanra."

"Ajá kọ́ ni mò ń bá wí."

"Ṣé wọ́n máa jẹ ìrù kangarú tí mo sun? Ó wà nínú eérú níbẹ̀ yẹn. Ajá ni mò ń bi o."

"Kẹ́tùlù, sọ pé kí wọ́n gbé e wá. Sọ pé ti ọjọ́ yẹn ò jinná."

Noreen rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín. Òun náà gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ohùn ẹlòmíràn, láti ibi jíjìn, bí ìgbà tí ọkọ̀ ń bọ̀ ní ojú aṣálẹ̀ tí eruku rẹ̀ ti yọ kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ.

Callum dé pẹ̀lú eruku yẹn. Ọmọkùnrin gígùn ni, ṣòkòtò rẹ̀ mọ níbi orúnkún, sọ́kìsì rẹ̀ gùn dé ibẹ̀. Tilda fi ojú rẹ̀ kan tó kù wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Nangala, ta ló ń fún ọmọ ẹyẹ yìí lóńjẹ?"

"Kò sẹ́nìkan, Màámi."

"Fún un ní ìrù yẹn. Kó ṣe kíá, kó jẹ, kó sì ṣí ìyá mi fún mi."

Ó jẹ ẹ́. Ó dúpẹ́. Ó tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, eruku pupa dà sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣí ilé ikán, ó yọ káàdì àtijọ́, ó fi tuntun sí i. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Nígbà tó tàn án, ìmọ́lẹ̀ tó jáde lára tẹlifíṣọ̀n mọ́ gaara débi pé ògiri ìhà kejì di búlúù, ojú Tilda náà sì di búlúù, bí ẹni tó jókòó lábẹ́ omi.

Ẹnu ọ̀nà náà ni.

Callum ṣí pílásítà tó wà ní igun gíláàsì, ó ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. "Ta ni Kumanjayi?"

Ní Wanjirrpa, ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn. Ìdí tí wọ́n fi ṣe ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Callum fi orúkọ Noreen wọlé, ó sì ṣí ibi tí ẹ̀rọ ń kọ ohun tó bá ṣe sí láti ìgbà tó bá jí. Ó ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Noreen dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò kà á. Ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tí oòrùn ti jó, ó ń rò pé ọmọ ẹnìkan ni èyí náà, pé ìyá kan á ti bọ́ ọ títí tó fi ga tó báyìí.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé láràárọ̀, bí ẹ̀rọ náà bá ti jí, ó máa ń pe ẹnìkan. Kò ní rí i. Á tún pè é. Bí ó bá ti pè é tó, á dákẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Dráífà ti jí tipẹ́ ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn. Ojú ti là. Ẹni tí wọ́n ń pè ni kò sí. Onílé ti di Kumanjayi, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ìlẹ̀kùn.

Callum bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìtura ni, ti ẹni tó ti rìn jìnnà tó sì dé. Ó yí àga rẹ̀ padà sí wọn kí inú wọn lè bá tirẹ̀ dùn.

"Kì í ṣe dráífà. Ti pé kò wọlé yìí, kò fìgbà kankan jẹ́ dráífà. Wọ́n yí orúkọ padà lápá kan, wọn ò yí i lápá kejì. Gbogbo ìgbà yìí, ẹ ò rí i, gbogbo ìgbà yìí ló ń pe—"

Ó sì pè é. Ó pè é pátá, ti bàbá mọ́ ọn, bó ṣe wà lójú gíláàsì, nínú yàrá tí ẹni náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́.

Ajá dìde. Tilda fa búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bo orí. Kò sáré. Ó fi ọwọ́ kan gbá ilẹ̀ mú, ó dìde, ó sì jáde, ó lọ jókòó sí abẹ́ igi, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Lẹ́yìn náà ni ohùn ẹkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nísàlẹ̀ nísàlẹ̀, títí ilé tó wà nítòsí fi gbọ́, tí obìnrin kan fi dá a lóhùn láti ibẹ̀, tí òmíràn tún fi dá ìyẹn lóhùn.

"Kí ni mo ṣe?" ni Callum wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni Noreen sọ. "Ó ti kú. A kì í pè é. Èmi ni mo yí orúkọ náà."

Ojú Callum pọ́n. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

Callum yíjú sí ẹ̀rọ, ó pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, ó kọ ọ̀rọ̀ kan dípò. Omi tíì kò ní hó láàárín àkókò tó gbà á. Ẹ̀rọ kú, ó jí, ó pe Kumanjayi, Kumanjayi jẹ́ ẹ, ìlẹ̀kùn ṣí. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà lójú gíláàsì, ó kọ ẹ̀yìn, ó ń lọ èso lórí òkúta.

Noreen jáde, ó kúnlẹ̀ sí yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. "Màámi, ó ti ṣí."

"Mi ò wọ ibẹ̀ mọ́. Wọ́n ti pè é níbẹ̀."

"Ká gbé e jáde fún yín?"

"Ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀ ló ń pè é láràárọ̀, o ò gbọ́? Kí wọ́n fi èéfín fọ̀ ọ́ ná. Kí àwọn tó ni èéfín dé."

Àwọn tó ni èéfín, ìyẹn àwọn àgbà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi èéfín fọ ibi tí wọ́n bá ti pe òkú, ti lọ sí ọ̀fọ̀ míràn ní abúlé tó jìnnà. Wọn kò ní dé kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n. Noreen kò bẹ̀ ẹ́. Ó mọ ohun tí ẹ̀bẹ̀ náà máa jẹ́: kí ìyá òun fi ojú kan ṣoṣo tó kù rú òfin lórí ọmọ rẹ̀. Ó padà wọlé. Ó ṣí gbogbo lúfà sílẹ̀, ó sì yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè dé ìparí.

Òkúta ń lọ òkúta. Afẹ́fẹ́ àádọ́rin ọdún sẹ́yìn ń fẹ́ nínú koríko. Ọ̀dọ́bìnrin náà sọ nǹkan kan sí ẹni tó ń yà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú. Noreen àti Callum rí ojú náà. Ojú Tilda gan-an ni, kí ìyà tó kàn án. Lábẹ́ igi, ẹ̀yìn arúgbó náà kò mì. Ẹkún rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ti wọ inú eruku, gbogbo ohun tó wà níta sì dà bí ohun tí ẹnìkan ń rántí. Nígbà tí Noreen padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ṣì ń fetí sílẹ̀.

"Ohùn rẹ̀ nìyẹn," ni Tilda wí. "Òun náà ni. Èyí tí mo ti ní tẹ́lẹ̀."

Ó lọ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n fi èéfín fọ yàrá náà tán, Noreen gba fíìmù náà sínú fóònù, Des sì fi ọkọ̀ gbé e lọ bá Tilda ní Alice, òun dúró sínú ọkọ̀ níta. Ojú ọ̀tún Tilda ti tẹ̀lé ti òsì. Ní ọ́fíìsì, wọ́n sọ fún àwọn abúlé yòókù pé káàdì tuntun ló wo ẹ̀rọ Wanjirrpa sàn.

Ìwọ tí o mọ ẹ̀rọ, tí wọ́n ń rán lọ sí ilé onílé láti tún un ṣe: kí o tó tú ẹyọ ìdè kan, kí o tó dá dráífà kankan lẹ́bi, bi wọ́n pé ta ló kú. Lẹ́yìn náà, pa ẹnu rẹ dé.